Ọ́ìlì gíà kì í wúwo, ó máa ń ki ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn ti gbé "ìwúwo òróró" kalẹ̀ pé òun ni ká máa pe viscosity, ìyẹn bí ọ́ìlì ṣe ki tó, ní Yorùbá ni mo ti panu mọ́, torí wọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún àwọn onípíkọ́ọ̀pù: "Ẹ yan ìwúwo òróró tó bá dìfẹrẹ́ńṣà yín mu." (Dìfẹrẹ́ńṣà ni àpótí gíà tó ń yí táyà ọkọ̀.) Àbúrò mi kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó pákó láti apá Ìbòkun wá sí Òṣogbo kà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pákó mi wúwo, òróró tó wúwo ló yẹ mí nìyẹn." Ló bá ra wọ̀n-fọ́tì, ìyẹn ọ́ìlì gíà 140 tó ki gan-an, bẹ́ẹ̀ náńtì, ìyẹn 90, ni ìwé ọkọ̀ rẹ̀ sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí. Ta ni kí n bá wí, òun ni àbí ọ̀rọ̀ tí ẹ fún un?

Wúwo, òṣùwọ̀n ló ni ín. Àpò sìmẹ́ńtì wúwo, ọ̀rọ̀ àgbà náà a máa wúwo. Ohun tí à ń wá lára ọ́ìlì gíà kò sí lórí òṣùwọ̀n. Ẹ da epo pupa sínú omi, kí ẹ wò ó. Epo á léfòó, torí òun ló fúyẹ́ jù. Síbẹ̀ òun náà ló ki jù. Èwo wá ni "ìwúwo" rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn Òyìnbó ló ń fi ìwúwo pe kíki ọ́ìlì ní èdè tiwọn, àwa wá gbé àṣìṣe wọn rù. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ̀wé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé W inú 80W-90 tí wọ́n ń kọ sára gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì gíà ló dúró fún ìwúwo. Rárá o. Winter ni W, ìgbà òtútù ilẹ̀ wọn. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe lè ṣàn tó nínú òtútù: dígírì 40 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán 75W wò, 26 ni ti 80W, 12 ni ti 85W. Ní Òṣogbo tí ọyẹ́ kò sọ omi di yìnyín rí, kí ló kàn wá níbẹ̀? Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá, èyí tó ń sọ bó ṣe ki tó bó bá gbóná dé dígírì 100. Ìyẹn gan-an ò ṣeé fi wé ti ẹ́ńjìnnì: gíà ọ́ìlì 90 àti ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì 40 tàbí 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bákan náà. Bó bá jẹ́ ìwúwo ni, ṣé 90 ò ní ju ìlọ́po méjì 40 lọ ni?

Mẹkáníìkì mi l'Ókè-Fíà kò kọ́ gírámà. Bó bá tú nọ́ọ̀tì ara dìfẹrẹ́ńṣà, á ki ọmọńdinrín bọ ihò náà, á yọ ọ́, á fi àtàǹpàkò ra á, á wá gbé e sókè wo bó ṣe ń kán. "Ọ̀gá mi, ó ti ṣàn jù. Kò lè di eyín gíà mú mọ́." Ki àti ṣàn, ohun tí ìyá mi àgbà ń sọ nídìí ìkòkò ẹ̀kọ l'Ọ́jà Ọba náà nìyẹn. Wọ́n á gbé orógùn sókè. Bó bá já wààrà, ó ṣàn. Bó bá ń rọra fà wálẹ̀, ó ki. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ní ẹ̀kọ wúwo rí, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé igbá rù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fèsì lánàá ní "kíki" ò lè dúró, torí yóò máa forí gbárí pẹ̀lú kíkí àlejò, kíkì oríkì, àti kìkì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ohùn wà fún? Ẹni tí kò fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sá fún kíki. "Ìki" tí wọ́n wá fi rọ́pò ńkọ́? Lóòótọ́ a ní ìrìn, a ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ìki lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí? Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí n tó wọ ṣòkòtò. Mo júbà. Kíki náà ṣì ni.

Bí ìwé pélébé yẹn bá tún máa jáde, ẹ kọ ọ́ pé: "Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe ki tó, kó bá ohun tí ìwé ọkọ̀ yín sọ mu." Kí ẹ sì ní kí wọ́n wo GL-5, àmì ọ́ìlì tó ń dáàbò bo eyín gíà lábẹ́ ẹrù ńlá, lára gálọ́ọ̀nù bí ìwé ọkọ̀ bá ti béèrè rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mìíràn a máa fàyè gba 140 fún ẹrù ńlá nínú ooru. Ooru tó ń mú ọ́ìlì ṣàn ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọ́ìlì ń bá ẹrù du ìwúwo.

Ti "òróró" dípò ọ́ìlì, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bi alákàrà kankan léèrè. Àbúrò mi ló ń fọn fèrè níta yìí, a fẹ́ lọ tú wọ̀n-fọ́tì yẹn dànù.