Ta ni òkú eegun tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì bọ́síkọ̀nà tí mo rà ní Yábàá yìí?

ọmọ_ìtirẹ̀:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Sátidé tó kọjá mo ya ọjà Yábàá, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì dúdú kan láàárín òkìtì bọ́síkọ̀nà, ó nípọn, kò ṣá rárá, ẹni tó ń tà á pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mo ná an títí dé 1800, ó ní kí n máa gbé e lọ torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbà tí mo délé ni mo tó wò ó dáadáa. Òkú eegun kan ló wọ kóòtù, irin ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀, wọ́n dé etí ẹ̀ pa, wọ́n tún fi irin há ẹnu ẹ̀, ó wá mú nǹkan kan tó ń tàn yòò lọ́wọ́, àwọn oníkóòtù márùn-ún dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. MEGADETH ni wọ́n kọ sókè. Màámi rí i lórí okùn tí mo sá a sí, wọ́n ní egúngún ilé ta ni mo gbé wọlé yìí, kí n lọ sun ún kíá.

Mo wò ó lórí fóònù, wọ́n ní olórin Amẹ́ríkà ni wọ́n. Mo gbọ́ orin kan, ó kọ́kọ́ dà bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ń tán nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ta gìtá yẹn, ọwọ́ ẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn kó gbà mí o. Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni àbí kí ni?

Gìtá Akọkà:
Lol, kò sí òkùnkùn kankan níbẹ̀. Vic Rattlehead lorúkọ eegun yẹn, lára ọ̀pọ̀ nǹkan wọn ló máa ń wà. Ojú tí wọ́n bò, etí tí wọ́n dé, ẹnu tí wọ́n há: má rí i, má gbọ́ ọ, má sọ ọ́. Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà tí ò lóye àwòrán yẹn, n ò mọ nǹkan tí mo lè sọ fún un mọ́. Iwájú àwo wọn ti 1990 lo rà yẹn, Rust in Peace, Ed Repka ló yà á. Àwọn oníkóòtù yẹn, olórí orílẹ̀-èdè ni gbogbo wọn, wo ojú wọn dáadáa, wàá rí Bush àgbà ti Amẹ́ríkà, wàá rí Gorbachev ti Soviet. Má sun ún o! Tó o bá fẹ́ sun ún, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Èbúté Mẹ́ta:
Àbúrò, fa àga kan kó o jókòó. Ìtàn ẹni tí wọ́n lé dànù ni ìtàn báǹdì yẹn.

Dave Mustaine lorúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Metallica tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, òun ló ń ta gìtá fún wọn níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá ti mutí yó, ìjà ló kàn. April 1983, wọ́n ti kó ẹrù láti California lọ sí New York kí wọ́n lọ gba àwo àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀, wọn ò tíì wọ sítúdíò, wọ́n jí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní o ò sí lẹ́gbẹ́ mọ́. Ó ní aago mélòó ni ọkọ̀ òfúrufú òun máa gbéra. Wọ́n ní òfúrufú kẹ̀? Bọ́ọ̀sì ni, ó sì ku wákàtí kan kó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lórí ìjókòó! Èmi tí mo wọ bọ́ọ̀sì láti Jìbówù dé Sókótó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì Agége. Inú bọ́ọ̀sì yẹn ló ti rí ìwé ìléwọ́ kan, ọ̀rọ̀ sẹ́nétọ̀ Alan Cranston lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí megadeath, ìyẹn òkú mílíọ̀nù kan. Ó yọ lẹ́tà kan kúrò níbẹ̀, ó sọ ọ́ di orúkọ báǹdì.

Ó dé Los Angeles, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Minnesota dé ń ta gìtá báàsì nísàlẹ̀ ilé láàárọ̀, ó sì ń dá Mustaine lórí rú, ló bá ju ìkòkò òdòdó lu ẹ̀rọ amúlétutù ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tó yá wọ́n jọ mu bíà, wọ́n di ọ̀rẹ́, David Ellefson nìyẹn. Wọ́n fún wọn ní $8,000 láti fi ṣe àwo àkọ́kọ́ tó jáde ní 1985, oògùn olóró àti jíjẹ-mímu kó bíi ìdajì lọ, ni wọ́n bá lé ẹni tó yẹ kó bá wọn ṣe é, wọ́n ń ṣe é fúnra wọn. Orin kan wà níbẹ̀, Mechanix, orin yẹn náà ni Metallica ti yí padà sí The Four Horsemen, ó wá ta tiẹ̀ kó yára ju tiwọn lọ, kí ayé lè mọ ẹni tó bí ọmọ.

Onílù àti onígìtá kejì ń wọlé wọ́n ń jáde bíi kọ́ńdọ́ dánfó, títí Marty Friedman àti Nick Menza fi dé, ìyẹn ló bí Rust in Peace. Ẹ tún wá gbọ́ ti ṣẹ́ẹ̀tì. Orin àkọ́kọ́ níbẹ̀, Holy Wars, ṣẹ́ẹ̀tì fèèkì ló fà á! 1988, wọ́n lọ ṣeré ní Antrim ní Northern Ireland, ó rí àwọn tó ń ta ayédèrú ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ní owó ẹ̀ wà fún “ìjà wa” ni. Kò mọ̀ pé ìjà àwọn Kátólíìkì tó fẹ́ kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ó ti mutí yó, ó gorí pèpéle ó ní òun ya orin kan sọ́tọ̀ fún ìjà yẹn. Páà, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì dojú ìjà kọra wọn nínú gbọ̀ngàn. Bọ́ọ̀sì tí ọta ìbọn ò lè wọ̀ ni wọ́n fi gbé wọn kúrò nílùú.

Ìsàlẹ̀ Èkó No Dulling:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ sọ gbogbo ẹ̀. 1992 àwo Countdown to Extinction dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà, Billy Ray Cyrus olórin kántírì nìkan ló wà lókè wọn, ọkùnrin yìí ṣì ń sunkún Metallica. Ilé ti kún, owó ti wọlé, ẹni tó lé ẹ lọ́jọ́ kìíní ṣì ni ò ń wojú ẹ̀! Ìdí tó fi gbé Risk jáde ní 1999 nìyẹn, ó rọ orin sílẹ̀ kó lè tà, àwọn tiẹ̀ gan-an kọ̀ ọ́. Barrister àti Kollington náà bára wọn jà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rọ fújì ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹnì kejì.

Ẹ̀gbọ́n Èbúté Mẹ́ta:
Mo gbà fún ẹ lórí Risk, àwo yẹn ò dáa. Àmọ́ sọ ìyókù náà. 2002, ó sùn lé apá òsì ẹ̀ lórí àga, iṣan ibẹ̀ bàjẹ́, apá tó fi ń tẹ okùn gìtá, ó tú báǹdì ká. Ó ní láti kọ́ gìtá padà bí ọmọdé, ìgbà yẹn náà ló di onígbàgbọ́, 2004 ó ti gbé àwo míì jáde. 2010 òun àti Metallica, pẹ̀lú báǹdì Slayer àti Anthrax, jọ wà lórí pèpéle kan ní Sofia ní Bulgaria, òun àti Hetfield tó ń kọrin fún Metallica dì mọ́ra. 2017 ó wá gba Grammy, àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, bó ṣe ń rìn lọ gbà á, ẹ gbọ́ orin tí àwọn onílù ibẹ̀ fi sìn ín o: Master of Puppets, orin METALLICA! Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. 2019 jẹjẹrẹ ọ̀fun, ó bọ́ níbẹ̀. August 2025 ó ní àwo kan ló kù, òun á wá ṣe ìrìnàjò ìdágbére. Orin tó wá kọ mọ́ àwo yẹn ni Ride the Lightning, orin Metallica tó ti lọ́wọ́ sí kí wọ́n tó lé e.

Gìtá Akọkà:
Master of Puppets yẹn 😂😂 ìkà ni wọ́n jàre.

ọmọ_ìtirẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni sà. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màámi. Ìbínú wọn ò rọ̀ níbi bọ́ọ̀sì ọjọ́ mẹ́rin, ibi tí mo ti ní ó di onígbàgbọ́ ni wọ́n ti dákẹ́, wọ́n ní ṣé ó ti wá ta gìtá fún Ọlọ́run báyìí, mo ní ó ku díẹ̀ mà. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ di ọ̀la, kí n má sì wọ̀ ọ́ dé ibi tí alágbà ìjọ ti lè rí mi.