Kí ni wọ́n fi ra kí ni? Èsì mi lórí "àléébù", "ìlàjà" àti "pàṣípààrọ̀"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ìgbà tí àbúrò wa ní Kàdúná ti fi àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń forí lé kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "trade-off" ni a ń wá sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ìyẹn kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun kan sílẹ̀ kó lè rí òmíràn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àbúrò wa ra orí ọkọ̀ ojú irin tuntun kan, àwòṣe kékeré tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1:160. Ẹ̀yà Mikado ni, ẹsẹ̀ méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín, méjì lẹ́yìn. Ó fẹ́ kùn ún lọ́dà tuntun kó lè jọ àwọn ẹ̀rọ River tí Rélùwéè Nàìjíríà lò láyé èédú, torí bí ẹsẹ̀ tiwọn náà ṣe tò nìyẹn. Ó wá ka ohun tí kò bá ojúlówó mu: àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti ọkọ̀ èédú tó tẹ̀ lé e fẹ̀ jù; ikùn ìkòkò omi rẹ̀ yọ jù; etí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga jù; rọ́bà wà lára ẹsẹ̀ méjì; fèrèsé awakọ̀ kò ní gíláàsì; ẹsẹ̀ kan ń mì bó ṣe ń yí. Gbogbo rẹ̀ pátá ló pè ní "àléébù". Bàbá wa ní Ìlọrin ní kò yẹ bẹ́ẹ̀, pé "ìlàjà" ló tọ́. Ìyá wa olùkọ́ ní Jos ní "pàṣípààrọ̀" ni. Ẹnì kan ní kí á kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bó ṣe ń dún létí; mi ò ní dúró lórí ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àléébù, òun ló dùn mí jù. Bí Yorùbá bá ní nǹkan kan ní àléébù, ohun tó ń sọ ni pé ì bá sàn kí nǹkan náà má ní in. Ẹ mú un kúrò, nǹkan á dára sí i. Ẹ fi ìyẹn wọn àlàfo tí àbúrò wa ń ráhùn lé lórí. Irin tó ká jù nínú èyí tí ilé iṣẹ́ bíi Fleischmann tó pilẹ̀ ní Jámánì ń ṣe fún ìwọ̀n yìí, R1 ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá tò ó yí po tó fi di róbótó, láti àárín rẹ̀ dé orí irin, mìlímítà 192 ni. Ẹ sọ ìyẹn di ọ̀nà 160, ó di mítà 30 ó lé díẹ̀. Ojúlówó ọkọ̀ tó tóbi tó èyí kò lè yà ní irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò já kúrò lójú irin ni. Ṣùgbọ́n orí tábìlì nínú yàrá kan ní Barnawa, Kàdúná, ni tiwa ti ń sáré, kọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ká. Tí wọ́n bá sún ọkọ̀ èédú mọ́ orí ọkọ̀ bó ṣe yẹ lójú, àwọn méjèèjì á fi igun gún ara wọn níbi tí irin ti ká, ẹsẹ̀ á sì bọ́. Ẹ mú àlàfo yẹn kúrò, nǹkan bàjẹ́. Báwo ló ṣe wá jẹ́ àléébù?

Etí ẹsẹ̀ náà ńkọ́, ìyẹn ètè irin tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ kúrò? Lára ojúlówó ọkọ̀, nǹkan bíi mìlímítà 28 sí 30 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà 160, kò pé mìlímítà 0.2. Irin tí a fọwọ́ tò sórí pákó kì í tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Gíga etí ni wọ́n fi gbé ọkọ̀ ró lójú irin.

Ibi rọ́bà ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Tí wọ́n bá dín nǹkan kù ní ọ̀nà 160, gígùn rẹ̀ dín kù, fífẹ̀ rẹ̀ dín kù, gíga rẹ̀ náà dín kù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń jẹ ìwúwo rẹ̀, tí yóò fi dín kù ju ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ọkọ̀ tó wúwo tó 100 tọ́ọ̀nù á wá ku gíráàmù 24. Kí ni gíráàmù 24 fẹ́ fà lórí irin dídán? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi irin wíwúwo ṣe egungun inú rẹ̀, tí wọ́n tún ń fi rọ́bà bọ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì kó lè di ojú irin mú. Ṣùgbọ́n ojú irin yìí kan náà ni iná 12 fóltì ń gbà, tó ń ti ara ẹsẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹsẹ̀ tó bá ti wọ rọ́bà, kò gba iná mọ́. Ní Òkè Ọya níbí, tí ọyẹ́ bá dé tí eruku bo irin, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ tó ń gba iná fún un kò pọ̀ á máa ta gìrì, á máa kú lójijì níbi tí irin ti pínyà. Ìfà ni wọ́n rà, iná ni wọ́n fi rà á. Fún ẹni tó ń wọ́ kẹ́rẹ́jì rẹpẹtẹ gun òkè, ọjà gidi ni. Fún àbúrò wa tó ní kẹ́rẹ́jì mẹ́rin lórí tábìlì tó tẹ́jú, owó ńlá ló san lórí ohun tí kò nílò. Rọ́bà kan náà, ọkọ̀ kan náà, ìdájọ́ méjì. Àléébù kò lè gbé ìyẹn, torí ojú kan péré ni àléébù ní.

Bàbá wa ní Ìlọrin, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní àárín ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ àti ẹni tó mọ ojúlówó ni a ti ń là á. Mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n ìlàjà ń jẹ́ kí ọkàn ẹni lọ síbi pé olúkúlùkù fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pàdé láàárín. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba. Ojú irin fún irú ọkọ̀ yìí, mìlímítà 9 ni àlàfo rẹ̀. Láti ara mẹ́sàn-án yẹn ní èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí lẹ́tà N tí wọ́n ń pè é. 9 lọ́nà 160 jẹ́ 1,440, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mìlímítà 1,435 ti ojúlówó ní Yúróòpù mu. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tiwọn kéré ju ti Yúróòpù yòókù lọ, torí afárá wọn àti ihò abẹ́ òkè wọn há, ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́jà nígbà náà kò sì wọ inú rẹ̀ ní 1:160. Wọ́n bá ṣe ara ọkọ̀ ní 1:148, wọ́n gbé e ka orí irin 9 kan náà. Ara tóbi, ẹsẹ̀ há: 9 lọ́nà 148 jẹ́ 1,332, ó fi 103 dín. Ní Jàpáànù, òdì kejì rẹ̀ ni. Mìlímítà 1,067 ni ojú irin tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, bíi tiwa láti Èkó dé Kánò. Àwòṣe wọn jẹ́ 1:150, orí irin 9 náà ló wà, 9 lọ́nà 150 sì jẹ́ 1,350. Ẹsẹ̀ fẹ̀ jù. Ta ni wọ́n là níbẹ̀, sà? Kò sẹ́ni tó pàdé ẹnì kejì láàárín. Ìbú irin tó tọ́ ni wọ́n yọ̀ǹda pátápátá. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé irin kan ṣoṣo tó gbogbo wọn í lò, àwọn ti Ìlú Ọba sì tún rí àyè fi ẹ́ńjìnnì sí.

Ti Ìyá wa ní Jos sún mọ́ ọn. Ó kéré tán, ẹni tó bá gbọ́ pàṣípààrọ̀ mọ̀ pé nǹkan lọ, nǹkan dé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó: ẹ pè é ní Abuja níbí, Wuse Zone 4 ni ọkàn gbogbo èèyàn ń lọ. Èyí tó wúwo jù lójú mi tún wà, màmá. Nínú pàṣípààrọ̀, ohun méjèèjì ṣì wà láyé, ọwọ́ ni wọ́n kàn pààrọ̀. Dọ́là tí ẹ ṣẹ́ wà lápò ẹlòmíràn. Etí ẹsẹ̀ tí ì bá tín-ín-rín kò sí lápò ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo gbé wá ti wà lẹ́nu gbogbo wa tẹ́lẹ̀: fi èyí ra èyí. Télọ̀ tí aṣọ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ á gé apá kúrú kí ara lè balẹ̀. Tí ara bá balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ apá. Tí kò bá balẹ̀, ẹjọ́ dé. Bí ó bá di dandan kí ọ̀rọ̀-orúkọ wà nínú àkójọ wa, mo dábàá "àfirà". Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa ti ta kò mí: ó ní àfirà á jọ owó, pé ohun tí a ná nìkan ló dárúkọ, kò dárúkọ gbogbo òwò náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó mọ. Ohun tí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń nàka sí ni ohun tó lọ. Ó ku kó sọ ohun tó dé. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí á máa lò. "Àlàfo náà jẹ́ àfirà" kò tíì sọ nǹkan kan. "Wọ́n fi àlàfo náà ra kọ̀rọ̀ 192" ti sọ gbogbo rẹ̀. Fi ń bèèrè ohun kan, rà ń bèèrè òmíràn, ẹni tó bá sì sọ ẹyọ kan, etí á máa retí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá fi í ṣèdájọ́. Ikùn tó yọ: wọ́n fi ìrísí ra àyè ẹ́ńjìnnì. Lójú tèmi, wọ́n rà á ní ọ̀wọ́n. Àwọn mìíràn ń gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ èédú, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé agbára rẹ̀ wá sẹ́sẹ̀. Ìkòkò omi á wà bó ṣe yẹ, àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ á sì gba irin wíwúwo, lórí ẹsẹ̀ tó nílò rẹ̀ gan-an. Bóyá rọ́bà pàápàá kì bá tí pọ̀n dandan.

Fèrèsé tí kò ní gíláàsì yàtọ̀. Òun náà ra nǹkan, ṣùgbọ́n ta ló gbé ọjà náà lọ sílé? Ilé iṣẹ́ ni. Ìnáwó wọn dín kù, ojú tiwa ló san án. Ọkọ̀ náà kò tìtorí rẹ̀ sáré dáadáa sí i. Àyẹ̀wò tó bá jẹ́ tòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sanwó àti ẹni tó jèrè. Ẹsẹ̀ tó ń mì kò ra nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àléébù nìyẹn. Àbúrò mi, pè é bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù, kí o sì dá a padà fún wọn.

Ó ku ìbú irin, tí o fi kún ẹ̀sùn rẹ nínú lẹ́tà kejì. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ilé iṣẹ́. Ojú irin 1,435 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, irú èyí tó lọ láti Idu ní Abuja sí Rigasa ní Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 2016. Ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀rọ River, tí ojú irin rẹ̀ jẹ́ 1,067. Ní 1:160, 6.67 ni ìyẹn, irin 6.5 ti ìwọ̀n Z, èyí tó tún kéré ju N lọ, ló sún mọ́ ọn jù. O fi ìbú irin ra ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí. Àfirà tìrẹ ni, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ tí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ kékeré ayé àtijọ́ tó ń lọ láti Zaria sí Jos, Bauchi Light Railway tí wọ́n pa tì ní 1957, mìlímítà 762 ni ojú irin rẹ̀. Ṣe é ní 1:87, 8.76 ló jẹ́. Irin 9 tó wà lórí tábìlì rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ sí i, Ìyá wa ní Jos á sì lè bá wa bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe rí.

Ìbéèrè mi fún ilé: láàárín àwọn agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ ní ìlú yín, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun kan sílẹ̀ kí òmíràn lè gún? Bí ẹ bá ní èyí tó ju àfirà lọ, ẹ gbé e wá pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yọ àléébù kúrò nínú àkójọ náà fún ìtumọ̀ yìí.