«Bó wáyà» ni ká wí

Ẹ̀gbọ́n wa láti Àjàṣẹ́ dábàá pé ká máa pe dénuder, ọ̀rọ̀ Faransé fún yíyọ rọ́bà kúrò lórí wáyà iná, ní «títú wáyà sí ìhòhò», kí «ìdarí wáyà» sì jẹ́ orúkọ fún bí oníṣẹ́ iná ṣe ń mú wáyà gba inú àpótí iná ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà ná, ká tó wo Faransé. Nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń yọ rọ́bà kúrò lórí wáyà tó fẹ́ wọ disjoncteur, ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé. Bó bá kúrú jù, rọ́bà ni ìdè tó ń di wáyà mú yóò tẹ̀ dípò bàbà; bó bá gùn jù, bàbà á yọ síta, ọwọ́ lè kàn án. Èyí tó burú jù ni kí ẹnu ọ̀bẹ ṣá bàbà fúnra rẹ̀, nítorí ojú ọgbẹ́ yẹn ni wáyà ti máa ń kán. Èdè wa sì ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Bí a bá bẹ iṣu, ọ̀bẹ á mú díẹ̀ nínú iṣu lọ mọ́ èèpo. Bí a bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ọmọṣẹ́ tó gbọ́ «bó wáyà» ti gbọ́ ìkìlọ̀. Kí ni «ìhòhò» fẹ́ kọ́ ọ? Pince à dénuder, ẹ̀mú tí a fi ń ṣe é, náà á sì di ẹ̀mú ìbówáyà, láìsí wàhálà.

(Fil la ń pe wáyà jù ní Kétu níbí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, lódìkejì ààlà, wáyà ni wọ́n ń wí, ó sì yé gbogbo wa.)

Ní ti «ìdarí», ohun tó ń rìn là ń darí. Wáyà kì í rìn mọ́ tí a bá ti tẹ́ ẹ. Títò la ń tò ó: aláwọ̀ búlúù ti neutre (èyí tí iná ń gbà padà) sí ààyè tirẹ̀, aláwọ̀ ewé àti òféèfèé ti ilẹ̀ (wáyà ààbò tó wọ ilẹ̀) sí tirẹ̀, wáyà 1.5 mm² ti gílóòbù lọ́tọ̀, 2.5 mm² ti ojú iná tí a ń ki ẹ̀rọ bọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ṣí àpótí lọ́jọ́ iwájú lè fi ojú tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin. Ìtòwáyà nìyẹn.

Embout ló kù, ọ̀pá kékeré oníhò tí a ń fi bọ orí wáyà olókùn wẹ́wẹ́ kí àwọn okùn náà má baà tú ká. Ẹ̀yin ará Sábẹ, kí ni ẹ ń pè é?