Corolla 2005 mi ò fà mọ́, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, 1ZZ lorúkọ ẹ̀, gíà ọ́tò (automatic) ni. Ẹ́ńjìnnì ò pariwo, kì í gbóná, iná check engine ò tàn, àmọ́ ọkọ̀ yìí ò fà mọ́ rárá. Tí mo bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá tí AC wà ní títàn, àfi kí n tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó gbéra. Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, mo fẹ́ ovatéèkì tírélà, mo tẹ ẹ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ròkè, ìsáré ò kúrò níbi tó wà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán dẹ̀ ti ń tan iná sí mi lójú. Ìyàwó àtàwọn ọmọ ni mo máa ń gbé sínú ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ẹnì kan ní kí n gé kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹgisọ́ọ̀sì, dànù, ẹnì kan ní kí n ra fíltà spọ́ọ̀tì, mo tún rí ike kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní téèyàn bá ti kì í bọ ojú OBD, ihò tí wọ́n ń ki scanner sí, ó máa fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nínú wọn?

Rewaya Sángo:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó. Bíi 130 agbára ẹṣin ni ọkọ̀ yẹn bá kúrò ní Toyota, kò dẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, ìyẹn tó gun òkè Mọ́kọ́lá tòun ti AC. Ibi tí agbára yẹn gbà lọ ló yẹ ká wá.

Ike OBD yẹn, mo ti tú irú ẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, iná tó ń ṣẹ́jú ló wà níbẹ̀, kò sóun tó ń bá kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sọ. Fíltà spọ́ọ̀tì náà, ariwo ló máa fi kún 1ZZ, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láá máa fà, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù lẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Àwọn tó ní ọ́ìlì lára yẹn burú jù torí ọ́ìlì yẹn lè lọ lẹ̀ mọ́ MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan kan: tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, ṣé iná check engine máa ń tàn? Tí kò bá tàn nígbà yẹn, á jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, wọ́n máa ń ṣe é fún tókunbọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ra scanner Bluetooth kékeré, ELM327, fóònù yín lẹ máa fi wò ó. Ẹ wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Tó bá ga ju +10% lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó wá wálẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ rev dé 2,500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan, ẹ yẹ gbogbo rọ́bà wò. Tó bá dáa ní ìdúró àmọ́ tó ń ga sí i bí ẹ ṣe ń tẹná, MAF ti dọ̀tí ni tàbí kí pọ́ọ̀ǹpù epo ti rẹ̀. MAF ò le, síkúrù méjì ló dè é mọ́ ara páìpù fíltà, ẹ yọ ọ́, ẹ fín in pẹ̀lú MAF cleaner, kì í ṣe carb cleaner o, ẹ má dẹ̀ fi ìka tàbí aṣọ kan wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Plọ́ọ̀gì náà ńkọ́? Àlàfo ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 1.1 mm lọ. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè dá a padà fún ni kẹ́ ẹ ti rà á. Plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tiẹ̀, tí scanner bá gbé P0301 wá, kóòdù tó ń sọ pé epo ò jóná dáadáa (misfire) níbi plọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, ẹ gbé kọ́ìlì àkọ́kọ́ sórí ìkejì, tí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì yẹn lọ̀daràn, ẹyọ kan péré lẹ máa rà.

Mama Tinú:
Ẹ tún fọwọ́ kan táyà yín lẹ́yìn tí ẹ bá rìn díẹ̀. Tèmi ò fà báyìí náà, mẹkáníìkì kan ti ní gíà ni ká pààrọ̀, owó ńlá. Ẹlòmíì ló jáàkì í sókè, ó fọwọ́ yí táyà iwájú apá ọ̀tún, kò yí! Kálípà ló há, bírékì ń dì í mú látàárọ̀, rímù yẹn gbóná débi pé n ò lè gbọ́wọ́ lé e. Wọ́n fọ pín-ìnì ẹ̀, wọ́n fi gírísì sí i, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ. Ẹ dẹ̀ wo afẹ́fẹ́ táyà, èyí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kì í ṣe èyí tí vulcanizer bá rò lọ́kàn.

Speed Ẹ̀kọ́:
Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì yẹn kẹ́ ẹ ju 2ZZ sí i jàre, òun ló wà nínú Corolla XRS 2005 àti 2006, 170 agbára ẹṣin.

Rewaya Sángo:
Ẹ́ńjìnnì dáa ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ gíà mánúà oníipò mẹ́fà ló bá XRS wá, ẹ máa wá gíà, kọ̀ǹpútà, wáyà àti pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kọjá tírélà ni o.

Onígíà Apáta:
Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí gbogbo wa fò: ariwo ròkè, ìsáré ò kúrò níbi tó wà. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ rev dáadáa. Tó bá fò sókè tó dúró síbẹ̀, tí ìsáré ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gíà ti já wálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnnì ni ò lágbára. Àmọ́ tó bá fò sókè, tó wá já lójijì kí ọkọ̀ tó gbá yín síwájú, gíà ń yọ̀ nìyẹn, kò sí plọ́ọ̀gì tó máa wò ó. Ẹ wo ATF, ọ́ìlì gíà, nígbà tó bá gbóná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, lórí P. Tó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máṣíìnì fọ̀ ọ́, ẹ kàn yọ èyí tó bá jáde, kẹ́ ẹ fi irú èyí tí wọ́n kọ sára dípsítíìkì gẹ́lẹ́ dá a padà.

Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ńkọ́, ṣé 20W-50 ni wọ́n ń dà sí i? Ọ́ìlì ló ń yí VVT-i, ohun tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ọ́ìlì tó nípọn jù máa ń jẹ́ kó lọ́ra. 5W-30 ni tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tún un ṣe, tí ẹ bá fẹ́ ovatéèkì, ẹ pa AC, ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D (overdrive) tó wà lára gíà kó kúrò ní ipò kẹrin, kẹ́ ẹ tó jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi. 20W-50 ni wọ́n ń dà sí i lóòótọ́. Mo wo rev láàárọ̀ yìí, ó fò sókè ó dẹ̀ dúró síbẹ̀, kò já. Kátálíìsì wá ńkọ́?

Rewaya Sángo:
Á jẹ́ pé gíà yín ṣì dáa, ẹ dúpẹ́. Kátálíìsì tó dáa kì í gba agbára tó pọ̀, èyí tó dí ló burú, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń misfire tipẹ́, epo tí ò jóná á lọ yọ́ inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ oxygen sensor òkè, èyí tó ṣáájú kátálíìsì, kí wọ́n fi gééjì sí ojú ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 2,500. Tó bá ju 3 psi lọ, ó ti dí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o, platinum àti palladium wà nínú ẹ̀, owó gidi ni wọ́n ń tà á, ẹni tó ń rọ̀ yín kẹ́ ẹ gé e lè ti ní oníbàárà.

Tí ẹ bá rí scanner rà, ẹ ya fọ́tò fuel trim síbí, ti ìdúró àti ti 2,500, AC ní pípa, ẹ́ńjìnnì ti gbóná.