Black metal àti doom tó ń dárò ilẹ̀: kí ni wọ́n gbà gbọ́, báwo la sì ṣe lè ṣe tiwa ní Abuja?

OmoKubwa kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la fẹ́ gba orin mẹ́rin sílẹ̀ ní Kubwa, black metal àti doom, ìyẹn orin gìtá líle tí wọ́n ń fi igbe kọ: gìtá kan, bééèsì kan, ìlù láti inú kọ̀ǹpútà. Kòtò ìwakùsà Jos àti igi tí wọ́n ń sun di èédú wọ Abuja la fẹ́ kọ lé lórí, ní èdè Yorùbá.

Àwọn ẹgbẹ́ akọrin Wolves in the Throne Room, Agalloch, Panopticon: kí ni wọ́n gbà gbọ́ gan-an nípa ilẹ̀ àti òṣèlú? Báwo lèèyàn ṣe ń dá àwọn ọmọlẹ́yìn Násì mọ̀ nínú agbo yìí kó tó fowó ra àwo wọn?

Ìkejì, páálí okùn 9 sí 42 (nọ́ńbà bí okùn ṣe nípọn tó) ló wà lórí gìtá wa. Tí a bá dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí C, ó ń rọ̀ wọ̀jọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ínfátà la fi ń ṣiṣẹ́, ariwo "gbùùù" kan sì wà lábẹ́ gbogbo ohun tí a bá gbà sílẹ̀.

Iya_Lugbe kọ:

Ẹ má da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ o. Ẹ̀dùn ọkàn wọn jọra, ohun tó bí i yàtọ̀.

Wolves in the Throne Room jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Weaver, Nathan àti Aaron, ní Olympia, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Àárín àwọn ajàfúngbó Earth First! ni èrò ẹgbẹ́ náà ti yọ. Láti 1980 ni Earth First! ti wà; àwọn ló máa ń gun orí igi lọ gbé kí àwọn agégi má bàa rí i gé. Ẹ gbọ́ àwo wọn, Two Hunters (2007): igbó kìjikìji apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń dárò, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ orúkọ olóṣèlú kankan níbẹ̀. Agalloch ti Portland kò tilẹ̀ di ẹgbẹ́ òṣèlú kan mú rárá. Orúkọ igi olóòórùn dídùn ni wọ́n sọ ara wọn, òtútù àti àdáwà ni wọ́n sì fi ń kọrin.

Panopticon ló sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe jù lọ. Austin Lunn nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Nínú àwo Kentucky (2012), ó gbé banjo àwọn ará òkè Appalachia pàdé black metal, ó sì tún kọ orin àwọn awakùsà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní Harlan County láyé ọdún 1930 sí 1939. Ẹ̀sùn tó fi kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa èédú inú ilẹ̀ (coal) ṣe gúnmọ́: wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ orí òkè, wọ́n da òkúta rẹ̀ sínú àfonífojì, ó sì bo odò mọ́lẹ̀. Òkè àti òṣìṣẹ́ wà nínú ẹkún kan náà. Kò fi ọ̀kan rúbọ fún èkejì, ohun tó mú kí n fẹ́ kí ẹ tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Èrò ìsàlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu nínú rẹ̀ ni "deep ecology", orúkọ tí Arne Næss, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Norway, fún un ní 1973: pé odò, igbó àti ẹranko ní iyì tiwọn, bí wọn kò tiẹ̀ wúlò fún èèyàn. Èmi fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá fi kún un pé èèyàn ni àrùn ayé, ó ti kan ilẹ̀kùn Násì nìyẹn. Pentti Linkola ti Finland dé bẹ̀: ó ní kí wọ́n fi tipátipá dín iye èèyàn kù, àwọn kan nínú agbo yìí sì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa wó lé lórí. Obìnrin Gbagyi tó gbé igi ìdáná lé èjìká ni wọ́n máa dá lẹ́bi, wọn ò ní dárúkọ ẹni tó fi tírélà kó èédú.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ẹgbẹ́ wò nìyí. Ẹ lọ sí Encyclopaedia Metallum, ìkànnì tó to àwọn ẹgbẹ́ metal jọ, ẹ ka kókó orin wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èrò Násì kì í sábà hàn nínú ẹgbẹ́ ńlá. Inú ẹgbẹ́ kékeré tí onílù tàbí onígìtá náà tún dá sílẹ̀ ló máa ń sá sí. Ẹ wo ẹni tí wọ́n jọ pín àwo kan, kí ẹ sì wo ohun mìíràn tí ilé-iṣẹ́ àwo náà ń tà. Ní ti àmì, nọ́ńbà 14 àti 88, àti oòrùn dúdú oníkẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn Wewelsburg, ilé ńlá tí àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ Násì, lò ní Jámánì, kò ní ìtumọ̀ méjì. Lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù (rune) nìkan kò tó ẹ̀rí. Ní ti Burzum, ẹ má wulẹ̀ wádìí jìnnà: Varg Vikernes, ará Norway tó dá nìkan wà nídìí rẹ̀, jẹ̀bi ìpànìyàn àti iná ṣọ́ọ̀ṣì ní 1994, kò sì fi ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà rẹ̀ pa mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ àwọn tó dúró ní òdì kejì gbangba, ẹ wá RABM, ìyẹn Red and Anarchist Black Metal. Iskra ti Canada àti Dawn Ray'd ti Liverpool, tó tú ká ní 2023, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Alagbede_Gita kọ:

Èmi á mú ti okùn. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní íǹṣì 25.5, okùn 42 tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nínú páálí 9 máa ń fà tó kílò 6.7 ní E. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sí C, ó ṣubú sí kílò 4.2. Ìdí tó fi ń rọ̀ nìyẹn, ìdí tí ohùn fi ń fò sókè nígbà tí ẹ bá gbá a líle náà nìyẹn. Ẹ ra páálí 12 sí 56. Okùn 56 ní C ń fà tó kílò 7.5, ọwọ́ á gbà á dáadáa. Àtòkọ C láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: C, F, A♯, D♯, G, C.

Okùn nípọn, ihò rẹ̀ lára eegun tó wà ní orí ọrùn gìtá (nut) kò ní gbà á. Tí ẹ bá fipá tẹ̀ ẹ́ wọlé, á máa há, á dún "píńn" bí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, ohùn á sì fò kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ wé sáńdípépà 400 mọ́ okùn àtijọ́ kan, kí ẹ fi rọra fẹ ihò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó jìn sí i! Tó bá ti jìn jù, okùn á máa gbá irin àkọ́kọ́ nínú àwọn irin tó dábùú ojú ọrùn (fret), ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ gbogbo eegun yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ okùn ìsàlẹ̀ mọ́ irin àkọ́kọ́ àti irin kẹtàdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní irin kẹjọ. Mìlímítà 0.25 ló dára. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn (truss rod) ní ìdámẹ́rin ìyípo, ẹ dúró, ẹ tún wọ̀n. Níkẹyìn, ẹ fi ohùn irin kejìlá wé ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ kàn fọwọ́ bà á lásán. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa ìjókòó okùn náà sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ńkọ́? Láti November sí February, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Abuja máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Igi ọrùn á sún kì, orí irin á yọ síta, á máa ya ọwọ́. Ọrùn náà á nà gbọnrangandan, okùn á sì máa kùn nídìí irin mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ lu ihò sára páálí ọṣẹ oníke, ẹ fi kànrìnkàn tó tutù, tí ẹ ti fún gbẹ, sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú àpótí gìtá. Ìwọ̀n 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ń wá. Tí ẹ bá ti gbàgbé kànrìnkàn náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ọrùn wọ̀n kí ẹ tó gba ohunkóhun sílẹ̀.

Ayo_Karu kọ:

Ariwo ínfátà: ọ̀pọ̀ ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í mú iná tó lọ geere jáde, àkàsọ̀ àkàsọ̀ ni iná wọn ń lọ. Pickup gìtá, ìyẹn kọ́ìlì tó ń gbé ohùn okùn, sì ń gbọ́ ọ. Ẹ gba agbára lórí bátìrì kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kúrò, kí audio interface, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá wọ kọ̀ǹpútà, jẹun láti inú USB. Ẹ pa ínfátà náà pátápátá fún wákàtí tí gìtá ń wọlé. Bí ẹ kò bá lè pa á, ẹ jìnnà sí i tó mítà méjì, kí onígìtá sì yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ariwo á fi rẹlẹ̀. Gílóòbù LED àti fóònù tó ń gba iná náà wà nínú ẹ̀sùn. Pickup oní-kọ́ìlì méjì dákẹ́ ju oní-kọ́ìlì kan lọ. Gate tó ń gé ariwo, ẹ fi ṣáájú distortion, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn gìtá ha. Tó bá wà lẹ́yìn, á gé ìrù ohùn yín, ìrù ohùn sì ni doom.

Ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, 48 kHz. Kí góńgó ohùn máa lu -12 dB, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Buffer 128 nígbà tí ẹ bá ń gbà á, 1024 nígbà tí ẹ bá ń pò ó. Ẹ gba ohùn gìtá tí kò ní distortion sílẹ̀, kí ẹ wá fi Neural Amp Modeler, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí amp gìtá, ọ̀fẹ́ ni, wọ̀ ọ́ láṣọ lẹ́yìn náà.

Ẹ ta gìtá náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún. Ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà jẹ́ ohùn kan náà, àárín ló máa padà sí, kìkì pé ariwo á pọ̀. Ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 90 Hz kúrò nínú gìtá, kí bééèsì ríbi jókòó. Ní ti ìlù kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìlù dọ́gba: ẹ fi agbára wọn (velocity) sí àárín 95 àti 120, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyára 60 (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan) dára fún apá ẹkún, 190 fún apá ìbínú.

Ara_Bukuru kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n takò Ìyá Lugbe díẹ̀. Agalloch kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, orin wọn sì tún ń mú kéèyàn nífẹ̀ẹ́ igi. Kò pọn dandan kí orin di ìwé ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Jos ni ẹ fẹ́ kọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn ará ibẹ̀ máa gbọ́ ọ.

Tánganran (tin) ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá wá síbẹ̀. Nígbà tí Japan gba Malaya, níbi tí tánganran ti ń wá, ní 1942, tánganran wọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fipá kó àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 100,000 láti apá Àríwá wá sí kòtò Jos títí di 1944. Ọ̀pọ̀ kò padà sílé. Kòtò wọn ṣì wà ní Bukuru, Rayfield àti Barkin Ladi. Omi kún inú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń fi bomi rin ọ̀gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé sì ń rì sínú rẹ̀. Iyanrìn tó kù lẹ́yìn ìfọ̀ tánganran ní monazite nínú, monazite sì ní thorium, èyí tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde. Ilẹ̀ Berom ni ilẹ̀ náà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kàn ń sunkún "ìyá ilẹ̀" lásán, ẹnikẹ́ni lè fi orin yín gbé àsíá tirẹ̀.

Ní ti èédú: nínú òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń sun ún, kílò 100 igi kì í sábà fún wọn ju kílò 20 èédú lọ. Ìyókù di èéfín. Ẹmi, tí Hausa ń pè ní kaɗanya, àti àyìn, tí wọ́n ń pè ní marke, ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí igi líle ni wọ́n. Ẹmi tí wọ́n gé lónìí, òrí tó ń bọ́ obìnrin abúlé ni wọ́n gé. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

OmoKubwa kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ku ìṣòro kan. Bí a bá fi ohùn igbe kọ ọ́, ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ń sọnù. Ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ di ọ̀kan náà. Ṣé ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì ni?

Iya_Lugbe kọ:

Rárá o! Ẹ má padà. Ohùn igbe kò ní òkè àti ìsàlẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dùndún náà kò ní ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí gìtá gbé ohùn ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ igbe yín. Àpẹẹrẹ:

Ta ló gba tánganran?
Ta ló jogún ihò?

Ìlà kìíní jẹ́ re-mi-re-mi-re-re. Ìlà kejì jẹ́ re-mi-re-mi-re-do. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rìn pọ̀ títí dé sílébù tó kẹ́yìn, níbi tí "hò" ti já sínú kòtò. Kò pọn dandan kó jẹ́ do, re, mi gan-an. Ẹ lo C, E♭ àti G kó lè korò, kí ìsàlẹ̀, àárín àti òkè ṣáà ti wà ní ipò wọn. Kí onígìtá máa ta nóòtì kọ̀ọ̀kan ní ìgbá mẹ́rin sí ìlù kan, kó sì yípadà gẹ́lẹ́ níbi tí sílébù bá ti yípadà. Tó bá fi ìlù kan pẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni etí Yorùbá máa gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn lásán kí ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, bí àwọn ọdẹ ṣe ń sun ìrèmọ̀jé níbi ìṣípà, ètò ìdágbére fún ọdẹ tó kú, kí ìlù tó wọlé. Olóògbé ní orúkọ nínú ìrèmọ̀jé, ó ní oríkì, wọ́n sì ń bi í pé níbo ló wà. Ẹ pe kòtò kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ẹ pe ẹmi, ẹ pe àwọn tí wọ́n kó ní 1942. Lẹ́yìn náà ni kí igbe wọlé. Ẹ má gbé e kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Bí ọ̀fun bá ti ń ta yín, ẹ dákẹ́ títí di ọ̀túnla.