Kí ni nọ́ọ̀sì ń kà láyà ọmọ?

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá ń wúkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń ṣí aṣọ ẹ̀ sókè, tẹ́ ẹ wá ń wo aago?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Èémí là ń kà, ìyá wa. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni, torí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó bá mí tó ìgbà 50, ó ti yá jù. Ọmọ ọdún 1 sí 5, ìgbà 40. Tó bá ń sunkún, iye yẹn á tàn yín jẹ. Ẹ rẹ̀ ẹ́ ná.

Alágbo Ọmọ: Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìhà ẹ̀ náà. Tó bá ń jìn wọnú bó ṣe ń mí sínú, tàbí tí kò lè mọmú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà lóru.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni.