Ẹ̀yin tí ń fi òkìrìkà ránṣọ tà, kí lojú yín ti rí?

Alábẹ́rẹ́ Ìjàyè:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ìtìjú rẹ̀ ti kúrò lójú mi báyìí.

Ọdún 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n n ò lówó àǹkárá. Kàtángówà, ọjà òkìrìkà l'Ékòó, ò jìnnà sí mi, mo bá ń lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó já bẹ́ẹ̀lì. Aṣọ wíwọ̀ kọ́ ni mò ń wá o. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti kọ́tìnnì ni. Wọ́n fẹ̀, owó wọn ò sì ga, torí àwọn tó ń du gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì kì í yà sọ́dọ̀ wọn. Ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì ńlá kan á tó gáùn àgbàlagbà, á tún ṣẹ́kù fún ti ọmọdé.

Ohun tí ọ̀gá mi ò kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń wo aṣọ àlòkù. Ṣíìtì tí wọ́n ti sùn lé fún ọdún mélòó kan, àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ nà án sókè síbi tí oòrùn wà, ẹ ó rí ibi tó ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti gé ara gáùn, kí àárín lọ ṣe láínìn. Ẹ fa òwú díẹ̀ yọ, ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, òwú ni. Bó bá yọ́, tó wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà ti wọ̀ ọ́, ooru rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oníbàárà yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti iyọ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, kó sún kì tó bá fẹ́ sún kì lọ́dọ̀ yín, kó má lọ sún kì lára ẹni ẹlẹ́ni.

Mò ń tà. Àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òkìrìkà ni. Bí wọ́n bá bi mí, "aṣọ Kútọnu" ni mo máa ń wí. Kì í kúkú ṣe irọ́ gbáà, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé. Òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọlé rárá, gbogbo wa la sì ń rà á ní gbangba. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ṣíìtì tí mò ń rà ní ₦400 di ₦900 kó tó di Kérésì.

Arábìnrin kan wá ní kí n rán gáùn funfun fún ìdúpẹ́. Mo ní ṣíìtì funfun kan nílẹ̀ tó nípọn, tó ń dán. Mo fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ọrùn rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko fún ọrùn nìkan. ₦9,000 ni mo gbà. Lọ́jọ́ ìsinmi ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ìgbátí gáùn ṣẹ́ síta lẹ́yìn, ọmọ kan tó wà níjòókòó iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè létà létà: orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú òyìnbó, pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn afọṣọ wọn tẹ̀ sí i. Mo ti rí i kí n tó rán an. Mo kàn ṣẹ́ ẹ sínú ni, mo rò pé ó parí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí. Kò sọ pé aṣọ náà ò dáa. "O ò sọ fún mi" ló ń tẹnu mọ́ ṣáá. Mo dá owó rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kẹta ni mo kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: ÒKÌRÌKÀ LA FI Ń RÁNṢỌ NÍBÍ. Àwọn kan sá. Àwọn tó kù ń ná mi ní ìnákúnàá: "Ṣebí òkìrìkà náà ni, kí ló wá tó ₦9,000?" Mo máa ń gbé kọ́tìnnì kan àti bíléèdì fún wọn, kí wọ́n bá mi tú u. Kò tíì sí ẹni tó tú ẹ̀gbẹ́ kan tán.

Jíǹsì Ni Mò Ń Tú, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àpò àti jákẹ́ẹ̀tì ni èmi ń fi jíǹsì ṣe. Ojú rírán ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn débi pé ẹ̀rọ Butterfly mi máa ń dúró lójijì, abẹ́rẹ́ á kán. Òòlù ni mo fi ń lù ú kó tó wọ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 ni mo sì ń lò. Aládùúgbò rò pé káfíńtà ni mí.

Èyí tí mi ò ní gbàgbé: ẹnì kan ní kí n ṣe jákẹ́ẹ̀tì méjìlá fún aṣọ ẹbí. Owó wọ̀ mí lójú, mo ní ó ti yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wá jíǹsì tí àwọ̀ wọn jọra. Ẹ wo fọ́tò wọn, ẹ ó rò pé ẹbí méjìlá ló pàdé níbẹ̀. Òkìrìkà kì í ní ìkejì, ẹ má gba aṣọ ẹbí o.

Aládìrẹ, Abẹ́òkúta:
Ọ̀rọ̀ iná yẹn, ó kàn mí. Mo ra ṣíìtì funfun mẹ́wàá láìdán an wò, mo rẹ ẹ́ sínú aró. Mẹ́rin péré ló mu ún. Mẹ́fà yòókù rí bí ìgbà tí èèyàn fi omi gààrí fọ̀ wọ́n.

Peckham ni mo wà:
Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́tìnnì àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù ni mò ń lò. Ẹ fọwọ́ tẹ ìgbátí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e sẹ́rọ: wọ́n máa ń rán irin kéékèèké sínú rẹ̀ kó lè wọlẹ̀. Irin yẹn kán abẹ́rẹ́ mi, ó fò sí mi níwájú orí. Díẹ̀ báyìí ló kù kó jẹ́ ojú. Ẹ má sì rán aṣọ àwọ̀sùn ọmọdé tà níbí láìbéèrè. Òfin kan ti wà láti 1985 lórí bí iná ṣe ń ràn mọ́ ọn. Mo ti rán mẹ́jọ kí n tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Mi Ò Dùn:
Aṣọ òkú ni gbogbo yín ń wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Alábẹ́rẹ́ Ìjàyè:
Ìyá àgbà mi gbé ẹtù ìyá rẹ̀ ró lọ síbi ìgbéyàwó mi, ẹ ò pe ìyẹn ní aṣọ òkú.

Jíǹsì Ni Mò Ń Tú, Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé arábìnrin yẹn wá dá gáùn padà?

Alábẹ́rẹ́ Ìjàyè:
Owó ni mo dá padà, gáùn ò padà. Mo rí i lọ́rùn àbúrò rẹ̀ ní Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti gé ìgbátí yẹn kúrò, àmọ́ ẹni tó gé e ò mọ̀ ọ́n gé, ó wọ́ sápá kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n ní kó bọ́ ọ kí n bá a tún un ṣe.